Ọwọ́ Ta Ló Ṣe É? Bí A Ṣe Ń Wádìí Ẹni Tó Ṣe Mọ́tò Kékeré Àfọwọ́ṣe Tí Kò Ní Orúkọ

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè kan ni mo rà á, ní ọ̀kan nínú àwọn ọjà tí àwọn èèyàn ti ń ta ẹrù ilé wọn láti inú búùtù mọ́tò, ní ìhà gúúsù London. Pijó 504 ni, sítéṣọ̀n-wágọ̀nù, gígùn rẹ̀ ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11 lọ. Ẹni tó bá gbọ́njú ní Nàìjíríà láàárín 1975 sí 1990 ò ní béèrè ìdí tí mo fi dúró. Ọkọ̀ tó ń kó èrò Ìbàdàn wọ Èkó nìyẹn, tí a máa ń jókòó há ara wa mọ́ ní ìlà mẹ́ta, tí ẹrù á sì ga gègèrè lórí rẹ̀. Àmọ́ ìrántí nìkan kọ́ ló mú mi rà á. Nígbà tí mo gbé e, iwájú rẹ̀ wúwo, ẹ̀yìn rẹ̀ fúyẹ́. Mo yí i dojú dé. Kò sí orúkọ ilé-iṣẹ́, kò sí ọdún, kò sí ìlú. Àmì kékeré kan bí ẹsẹ̀ ẹyẹ ni ẹnìkan fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó ha sí abẹ́ rẹ̀.

Ó gbà mí ju ọdún kan lọ kí n tó lè sọ ohun gidi kan nípa ẹni tó ṣe é. Ohun tí mo kọ́ lójú ọ̀nà ni mo tò síbí fún ẹni tí irú rẹ̀ bá bọ́ sí lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi èyí sọ́kàn: mọ́tò àfọwọ́ṣe kì í sábà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń béèrè "ta ló ṣe é?" bíi pé orúkọ kan péré ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, orúkọ tí kò tọ́ ló máa gbé délé.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun sí i

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wu èèyàn ni kó fọ̀ ọ́, kó kun ibi tó bó. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Eruku tó wà ní kọ̀rọ̀, gọ́ọ̀mù tó ti pọ́n, ọ̀dà àtijọ́ tó ń yọjú lábẹ́ ọ̀dà tuntun, ẹ̀rí ni gbogbo wọn. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí àwọn ayàwòrán ń lò ti tó láti gbọn eruku òkè nù. Omi ò gbọdọ̀ kàn án, sípíríìtì ò gbọdọ̀ kàn án, nítorí wọ́n lè ṣí àwọn lẹ́tà àti ìlà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ kúrò, àwọn yẹn ò sì ṣeé dá padà.

Ẹ wá ya fọ́tò rẹ̀: iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òkè, abẹ́, kí rúlà onímílímítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ náà máa rá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lórí ara ọkọ̀. Ìgbà yẹn ni ibi tí wọ́n ti fi fáìlì rá a, ibi tí wọ́n ti so ẹ̀yà méjì pọ̀, àti ohun tí wọ́n ha sí i máa ń jáde síta. Mo ti rò pé ìlà mẹ́ta ni ẹsẹ̀ ẹyẹ tèmi ní. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ló fi ìkẹrin hàn mí, ìlà kúkúrú kan lẹ́yìn, bí èékánná ẹ̀yìn ẹsẹ̀ adìyẹ. Ìlà kúkúrú yẹn ló gbà mí lọ́wọ́ àṣìṣe nígbà tó yá.

Ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti dì í mú. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ irin tí wọ́n fi ṣe àwọn mọ́tò wọ̀nyí, pàápàá àwọn ti àtijọ́. Ẹ má sì tọ́jú wọn sínú àpótí tí wọ́n fi igi oak kàn, torí atẹ́gùn kíkan tó ń ti ara igi náà jáde máa ń mú kí òjé yọ ìyẹ̀fun funfun títí á fi jẹ ẹ́ run.

Ẹ bi ẹni tó ta á, kí ẹ sì ka páálí rẹ̀

Ọjọ́ tí ẹ rà á gan-an ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì kọ ìdáhùn sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́: ibo lẹ ti rí i? Ọkọ̀ mìíràn ha wà pẹ̀lú rẹ̀? Páálí ńkọ́? Ẹni tó ta tèmi ò mọ nǹkan kan, mo sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Bí páálí bá wà, tàbí bébà ilé ìtajà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ igi tí ọkọ̀ dúró lé, ẹ tú ojú sí nọ́ńbà fóònù tó wà lórí rẹ̀. Nọ́ńbà London bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 01 títí di oṣù Karùn-ún 1990, ó wá di 071 tàbí 081, ó di 0171 àti 0181 ní oṣù Kẹrin 1995, ó sì di 020 ní 2000. Nọ́ńbà Faransé di oní-10 ní oṣù Kẹwàá 1996. Kóòdù ìfìwéránṣẹ́ Jámánì di oní-5 ní oṣù Keje 1993. Iye owó tí wọ́n kọ ní lira Ítálì ti wà ṣáájú 2002. Fún mi, bébà kékeré tí àwọn èèyàn máa ń ya sọnù yìí níye lórí ju ìtàn tí ẹni tó ń tajà máa ń sọ lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ilé ìtajà àti páálí ló ń sọ. Páálí lè kúrò lábẹ́ mọ́tò kan bọ́ sábẹ́ òmíràn.

Kí ni wọ́n fi ṣe é?

Ohun tí wọ́n fi ṣe ọkọ̀ máa ń sọ irú ibi tó ti wá, kódà bí kò bá sọ ẹni tó ṣe é.

Zamak ni irin àwọn mọ́tò ìṣeré tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe. Síńkì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú alumíníọ́mù, bàbà àti magnesium díẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń fi agbára tì í wọ inú mọ́ọ̀dù onírin, mọ́ọ̀dù náà sì wọ́n débi pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ò lè rà á. Nítorí náà, bí ara ọkọ̀ bá jẹ́ zamak, inú ilé-iṣẹ́ ńlá ló ti bẹ̀rẹ̀, ohun yòówù tí ẹlòmíràn ìbáà fi kún un lẹ́yìn ìgbà náà.

White metal ni ti àwọn oníṣẹ́ kékeré. Tánganran, òjé àti antimony ni wọ́n pò pọ̀. Ó ń yọ́ nínú ooru tí kò pọ̀, wọ́n sì ń dà á sínú mọ́ọ̀dù rọ́bà tó ń yí bírí, kí ìyíbírí náà lè tì í dé gbogbo kọ̀rọ̀. Ẹnì kan tàbí méjì lè ṣe é nínú gáréèjì. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ṣe máa ń wúwo lọ́wọ́ ju bí ojú ṣe rí i lọ.

Resin, irú pílásítíìkì kan, fúyẹ́. Olómi méjì ni wọ́n ń pò, tí wọ́n ń dà sínú mọ́ọ̀dù silicone, mọ́ọ̀dù ọ̀hún kì í sì í pẹ́ bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí iye ọkọ̀ tí wọ́n ń rí ṣe fi kéré. Ẹ wo inú rẹ̀ níbi tí ọ̀dà ò dé: bí ẹ bá rí àwọn ihò wínníwínní bí ojú abẹ́rẹ́, atẹ́gùn tó há sínú resin ló fà á. Bí ẹ bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò léra wọn déédéé bí ewé ìwé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D ló ṣe é, kò sẹ́ni tó máa lè sọ fún yín pé iṣẹ́ ọdún 1980 ni.

Àwọn tó kù ni èyí tí ẹnìkan gbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bóyá láti ara páànù idẹ, igi, tàbí pílásítíìkì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà fún oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹ lo òṣùwọ̀n ilé ìdáná láti wọn ìwúwo rẹ̀, kí ẹ sì fi ìka wo bó ṣe tutù tó: irin máa ń tutù, resin àti pílásítíìkì kì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Iwájú tèmi tutù, ẹ̀yìn rẹ̀ ò tutù. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ fi mọ̀ pé ọkọ̀ méjì ló wà nínú ọkọ̀ kan.

Gbígbẹ́, dídà, títò, títúnṣe

Ọwọ́ mẹ́rin ló lè wà lára mọ́tò kan. Ẹnìkan gbẹ́ èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ya mọ́ọ̀dù. Ẹnìkan dà á, ó sì tà á. Ẹnìkan tò ó pọ̀, ó kùn ún. Ó sì lè jẹ́ pé, lẹ́yìn ogún ọdún, ẹnìkan tún un ṣe. Orúkọ tó wà lábẹ́ ọkọ̀, ti ẹni tó dà á ló sábà máa ń jẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rà á ti ń ṣìnà.

Ẹ wo àpẹẹrẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, John Day ní England bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀yà mọ́tò white metal tí wọn ò tíì tò pọ̀. Ẹni tó rà á ló máa lọ tò ó lórí tábìlì ilé rẹ̀. Ohun kan náà ni Tameo ń ṣe ní Ítálì pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ eré ìje Formula 1. Igba èèyàn lè ra ẹ̀yà kan náà, kí igba ọwọ́ tò ó, kí tẹlòmíràn dára bí iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ góòlù, kí tẹlòmíràn rí jágbajàgba. AMR ti André-Marie Ruf ní Faransé ta èyí tí wọn ò tò àti èyí tí wọ́n ti tò parí. Nítorí náà, bí ẹ bá rí AMR lábẹ́ ọkọ̀, ẹ ti mọ ẹni tó dà á. Ẹni tó tò ó ṣì kù.

Ti Brooklin rọrùn. Ní abúlé Brooklin, Ontario, ní Kánádà ni John Hall ti bẹ̀rẹ̀ ní 1974, kó tó kó lọ sí Bath ní England. Wọ́n ń dà á, wọ́n ń tò ó, wọ́n sì ń fi orúkọ àti nọ́ńbà sábẹ́ rẹ̀. Ní òdìkejì pátápátá ni àwọn bíi Michele Conti ní Torino àti Gerald Wingrove ní England wà, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti Wingrove sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú 15 ọkọ̀ gidi, ó tóbi ju àwọn tí mò ń sọ níbí lọ dáadáa. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ta mọ́tò kékeré kan fún yín pẹ̀lú irú orúkọ ńlá bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè ẹ̀rí lórí bébà. Orúkọ máa ń gbé owó ga fíofío, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń há orúkọ mọ́ mọ́tò tí kò ní bàbá.

Ẹ wọ̀n ọ́n

Ìwọ̀n mọ́tò kékeré tó wọ́pọ̀ jù ní Yúróòpù ni ìdá kan nínú 43 ọkọ̀ gidi. Ọ̀dọ̀ rélùwéè ìṣeré ló ti wá: mílímítà 7 dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, èyí tó jẹ́ 1:43.5. Ẹ fi kálípà, ohun ìwọ̀n ẹlẹ́nu méjì, wọn láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, torí ibẹ̀ ni oníṣẹ́ kì í sábà lè fi bò.

Ní ti Pijó 504, sàlúùnù gidi jẹ́ mílímítà 2740 láàárín táyà, wágọ̀nù jẹ́ 2900. Bí a bá pín in sí 43, sàlúùnù á jẹ́ 63.7, wágọ̀nù 67.4. Tèmi jẹ́ 67.5. Mo wá wò ó lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́, mo rí ojú ìsopọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó sọ̀ kalẹ̀ láti òrùlé, lẹ́yìn ilẹ̀kùn iwájú. Dinky Toys ti Faransé, ilé-iṣẹ́ mọ́tò ìṣeré, ti ṣe sàlúùnù 504 ní zamak. Mo yá ọ̀kan, mo gbé inú òrùlé àwọn méjèèjì wéra, àpá tí mọ́ọ̀dù fi sílẹ̀ bára mu. Ó ti yé mi. Ẹnìkan gé mọ́tò ìṣeré ọmọdé sí méjì, ó fà á gùn ní nǹkan bíi mílímítà 4, ó sì fi pílásítíìkì pẹlẹbẹ kọ́ ẹ̀yìn wágọ̀nù fún un láti orí òfo. Ó fẹ́ wágọ̀nù gidi, èyí tó tọ́ sí mílímítà. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún un.

Wíwọ̀n tún máa ń tú àṣírí àwọn tó ń jalè. Bí ẹnìkan bá fi mọ́tò tó ti parí ya mọ́ọ̀dù tuntun, tó da resin sínú rẹ̀, èyí tó jáde máa ń sún kì díẹ̀, ìlà ara rẹ̀ á sì kú bí ojú owó àtijọ́. Bí méjì bá jọra, tí ọ̀kan kéré ju èkejì lọ níbi gbogbo ní ìwọ̀n kan náà, ẹ fura sí èyí tó kéré.

Kíka ọwọ́

Iṣẹ́ gidi nìyí, ibí yìí sì ni kí ẹ ti lo àkókò jù.

Kò yẹ kó ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Nígbà tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley ní 1924, àwọn tó ń wò ó ò mọ̀ pé Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì ló gbẹ́ ẹ. Kò kọ orúkọ sí i. Àmọ́ ẹni tó bá ti fojú sí iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀, bó ṣe ń mú ère yọ gọbọi síta kúrò lára pákó, bó ṣe ń na ọrùn wọn, bó ṣe ń fi ọnà kún gbogbo ẹ̀yìn wọn, kò ní pè é ní ti Àrẹógún ará Ọ̀sì-Ìlọrin. Ọ̀nà tí wọ́n fi mọ ọwọ́ agbẹ́gilére nìyẹn, òun náà ni a fi ń mọ ọwọ́ ẹni tó to mọ́tò. Ojú ọnà la fi ń wò ó.

Kí ẹ wá ibi tí oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti ní láti pinnu ohun tó máa ṣe. Ohun tó bá mọ́ọ̀dù jáde kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ wo àwọn ibi tó ń dán bíi kúrómù lára ọkọ̀, yí ká fèrèsé àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n ń gbà ṣe é: ọ̀dà fàdákà tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fà, bébà irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, ìdè irin tí wọ́n fi kẹ́míkà jẹ jáde láti ara páànù, tàbí kí wọ́n fi abẹ ha ọ̀dà kúrò, kí irin abẹ́ rẹ̀ máa dán. Èyí ìkẹyìn yìí ṣòro gan-an, ẹni tó bá ń ṣe é kì í sábà fi í sílẹ̀. Òun ni tèmi lò ní iwájú, níbi tí zamak wà. Ní ẹ̀yìn, níbi tí kò ti sí irin lábẹ́ ọ̀dà, ó fi wáyà tín-ín-rín lẹ̀ ẹ́, ó sì mú kí méjèèjì pàdé ní ojú ìsopọ̀ láìjẹ́ kí ojú mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo ọwọ́ ilẹ̀kùn, waipa, díńgí, ẹ́ríà rédíò. Tèmi fi orí píìnì tó fi òòlù tẹ́ ṣe ọwọ́ ilẹ̀kùn. Wáyà bàbà méjì tó lọ́ mọ́ra ni waipa rẹ̀, ó sì lọ́ ọ lẹ́ẹ̀márùn-ún gan-an, lẹ́ẹ̀márùn-ún ní òsì, lẹ́ẹ̀márùn-ún ní ọ̀tún. Ẹ ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè yí ọ̀dà tó ń lò padà bí ọjọ́ ti ń lọ, àmọ́ iye ìgbà tí ìka rẹ̀ fi ń lọ́ wáyà ti mọ́ ọn lára.

Ẹ wo gíláàsì rẹ̀. Pílásítíìkì tí wọ́n gé pẹlẹbẹ ni àbí èyí tí wọ́n fi ooru fà kó lè tẹ̀? Ṣé ìkùukùu funfun wà létí rẹ̀? Súpà gúlù ló ń fa ìyẹn, ó sì ń fi hàn pé oníṣẹ́ ò ní sùúrù tàbí kò tíì mọ̀. Ẹ wo ọ̀dà: ṣé ó rí bí èèpo ọsàn ni, àbí wọ́n fi sùúrù yún un títí ó fi dán bíi dígí? Ẹ wo bó ṣe kun etí inú ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tẹ́nì kankan ò lérò pé a máa wò. Abẹ́ àga. Ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Inú ihò táyà. Ní iwájú, oníṣẹ́ mọ̀ pé à ń wo òun. Ní abẹ́ àga, òun nìkan ló wà. Abẹ́ àga ẹ̀yìn tèmi, fáìlì rá a ní ìhà kan ṣoṣo, gbogbo ìlà dà sí ọ̀tún, kò sì sí èyí tó gorí ẹlòmíràn.

Síkúrù náà ń sọ̀rọ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní England máa ń lo síkúrù BA, òṣùwọ̀n síkúrù àtijọ́ ti ilẹ̀ wọn: 8BA jẹ́ mílímítà 2.2 ní ìbú, 10BA sì jẹ́ 1.7. Ní Faransé, Jámánì àti Ítálì, M2 ni ẹ ó máa bá pàdé, mílímítà 2 gééré. Tèmi jẹ́ 8BA méjì. Síkúrù nìkan ò tó láti fi sọ pé England ló ti wá, àmọ́ mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ẹ bá ní tọ́ọ̀ṣì UV, èyí tó ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí, ẹ tàn án sí i nínú òkùnkùn. Gọ́ọ̀mù epoxy máa ń tàn yàtọ̀, ọ̀dà tí wọ́n fi tún un ṣe sì lè yàtọ̀ sí ti ìpilẹ̀. Igun bọ́ḿpà ẹ̀yìn tèmi ní ọ̀tún tàn búlúù bíi wàrà, ibi yòókù ò tàn. Ẹlòmíràn ló tún ibẹ̀ ṣe. Mo yọ bọ́ḿpà yẹn kúrò nínú ẹ̀rí. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbogbo àtúnṣe, kí ẹ má baà máa wá ọwọ́ atúnṣe nígbà tí ẹ rò pé ẹ ń wá ọwọ́ oníṣẹ́.

Pléètì nọ́ńbà

Mo yà á sọ́tọ̀ nítorí ó sábà máa ń jẹ́ ibi tí oníṣẹ́ ti ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi lẹ́tà orúkọ wọn tàbí ọdún tí wọ́n parí rẹ̀ síbẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ ti ọkọ̀ gidi tí gbogbo ayé mọ̀, bíi ti eré ìje Le Mans, kò ní wúlò. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wádìí ìlú tó ń tọ́ka sí: 13 lórí pléètì Faransé àtijọ́ ni agbègbè Marseille, níbi tí wọ́n ti da ọ̀pọ̀ mọ́tò resin, TO lórí ti Ítálì àtijọ́ ni Torino.

Pléètì tèmi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú OY. Mo jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí gíláàsì amúǹkan-tóbi fi hàn mí. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni. Oṣù Kejì 1976 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀, nítorí náà kò lè jẹ́ pé wọ́n parí rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Ẹni tó ṣe é mọ pléètì Nàìjíríà, ó mọ bí àwọn lẹ́tà rẹ̀ ṣe ń tò. Bóyá òyìnbó tó ti ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn rí ni. Bóyá ọmọ Ìbàdàn ni, tó wá sí London, tí òtútù ń mú, tó fẹ́ kí nǹkan ilé wà lórí tábìlì òun. Mo fẹ́ kó jẹ́ ìkejì, mo fẹ́ ẹ gan-an, ìdí nìyẹn tí mo fi ní láti máa ṣọ́ ara mi. Ohun tó bá wu wa jù ló yẹ ká béèrè ẹ̀rí rẹ̀ jù.

Wíwá ìkejì rẹ̀

Mọ́tò kan ṣoṣo ò lè sọ ọwọ́ kankan. Méjì lè sọ ọ́. Torí náà, ẹ máa lọ síbi tí wọ́n ti pọ̀. Ọjà mọ́tò ìṣeré tó máa ń wáyé ní Sandown Park ní Surrey dára, nítorí ẹ lè fọwọ́ kàn án kí ẹ sì yí i dojú dé, èyí tí fọ́tò ò jẹ́ kéèyàn ṣe. Coventry Transport Museum ní àkójọ mọ́tò kékeré, Brighton Toy and Model Museum náà wà. Bí ẹ bá máa kọ̀wé sí irú ibẹ̀, ẹ má béèrè pé "ta ló ṣe èyí?" Ẹ fi fọ́tò mẹ́fà ránṣẹ́, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi ṣe é, kí ẹ sì béèrè ohun kan tó ṣe pàtó: ǹjẹ́ ẹ ti rí àmì yìí rí? Ọ̀pọ̀ ìdáhùn tí mo rí gbà wá látinú ìbéèrè kúkúrú bẹ́ẹ̀.

Ẹ mú káàdì kan dání, kí ẹ kọ àṣà oníṣẹ́ yín sí i. Márùn-ún ló wà lórí tèmi: orí píìnì, wáyà lílọ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún, ọ̀dà tí wọ́n ha, fáìlì tó dà sí ọ̀tún, ẹsẹ̀ ẹyẹ onílà mẹ́rin. Mo pinnu ṣáájú pé mẹ́rin gbọ́dọ̀ pé kí n tó gbà. Ẹ pinnu tiyín kí ẹ tó rí nǹkan kan, nítorí tí ẹ bá ti rí i tán, ọkàn yín á ti máa fẹ́ gbà.

Lẹ́ẹ̀kan, mo rí mọ́tò kan tó ní ẹsẹ̀ ẹyẹ. Ìlà mẹ́ta ni. Waipa rẹ̀ jẹ́ irin tí wọ́n fi kẹ́míkà jẹ. Mo dá a padà sórí tábìlì, kò sì dùn mọ́ mi.

Nígbà tó pẹ́, ní Sandown Park, mo bá Land Rover kan pàdé, òun náà jẹ́ mọ́tò ìṣeré tí wọ́n gé tí wọ́n sì fi pílásítíìkì sọ di ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ ẹyẹ onílà mẹ́rin. Orí píìnì. Mo ka wáyà waipa rẹ̀: márùn-ún. Mo yẹ abẹ́ àga wò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ọ̀tún. Bébà tó wà lábẹ́ igi ìdúró rẹ̀ jẹ́ ti ilé ìtajà kan ní London tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 01. Ẹni tó ń tà á sọ pé òun gbọ́ pé ilé ọkùnrin kan tó ti gbé Nàìjíríà rí ni wọ́n ti kó o wá. Mo bi í bóyá ọmọ Nàìjíríà ni ọkùnrin náà. Kò mọ̀.

Bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ kọ ohun tí ẹ̀rí gbé, kí ẹ sì dúró níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni mo máa ń lò. "Ó fọwọ́ sí i" ni fún ìgbà tí orúkọ rẹ̀ wà lára ọkọ̀, tí ọwọ́ náà sì bá a mu. "A gbà pé tirẹ̀ ni" ni fún ìgbà tí orúkọ ò sí ṣùgbọ́n tí a ti fi í wé iṣẹ́ rẹ̀ tí kò níyèméjì. "Ọwọ́ kan náà" ni fún ìgbà tí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wá láti ọwọ́ ẹnì kan tí a ò mọ orúkọ rẹ̀. "Wọ́n sọ pé" ni fún ohun tí ẹnìkan fẹnu sọ tí bébà ò tì lẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn yọ́ wọnú ìkejì. Ẹ kọ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: ẹni tó gbẹ́, ẹni tó dà, ẹni tó tò, ẹni tó túnṣe. Ẹ lo pẹ́ńsù lórí bébà tí kò ní ásíìdì, kí ẹ fi í sínú páálí pẹ̀lú ọkọ̀. Ẹ má kọ nǹkankan sára ọkọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tó máa wádìí lẹ́yìn yín á rò pé oníṣẹ́ ló kọ ọ́.

Èyí ni mo kọ sí tèmi:

"Pijó 504 sítéṣọ̀n-wágọ̀nù, 1:43. Dídà: iwájú láti ara sàlúùnù Dinky Toys, Faransé. Ẹ̀yìn, abẹ́ àti òrùlé ẹ̀yìn: ẹnìkan fi pílásítíìkì kọ́ ọ. Títò: ọwọ́ kan náà pẹ̀lú Land Rover ọkọ̀ ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ ẹyẹ onílà mẹ́rin. Lẹ́yìn oṣù Kejì 1976. Bébà abẹ́ Land Rover ti wà ṣáájú oṣù Karùn-ún 1990. Síkúrù 8BA. Bọ́ḿpà ẹ̀yìn lọ́tùn-ún: àtúnṣe ọwọ́ mìíràn. Wọ́n sọ pé ẹni tó ni Land Rover gbé Nàìjíríà rí. Orúkọ oníṣẹ́:"

Mo fi ààyè sílẹ̀ níwájú ọ̀rọ̀ yẹn, ó tó ìlà méjì.